Ọwọ́ Tí Wọ́n Fi Ń Wọn Ìbọ̀wọ́

Ìbọ̀wọ́ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí àwọn oníṣẹ́ irin ń wọ̀ kí iná má baà jó wọn. Ti ẹ̀ṣọ́ ni. Awọ ọmọ àgùntàn ni wọ́n fi ń ṣe é, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ débi pé èékánná á hàn lábẹ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin tó rí jájẹ ló ń rà á. Wọ́n á mú un bá báàgì àti bàtà mu, bí wọ́n bá sì dé òde, wọ́n á máa bọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, ìka kan lẹ́yìn èkejì, kí gbogbo ilé lè mọ̀ pé àwọn ló dé. Kò sẹ́jọ́ níbẹ̀, owó wọn ni. Ṣùgbọ́n kí irú ìbọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ tó dé inú gíláàsì ìtajà, ó ní ọwọ́ kan tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Obìnrin tó ni ọwọ́ náà ni wọ́n ń pè ní Ọlọ́wọ́.

Ilé-iṣẹ́ náà wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, lórí ìsọ̀ àwọn tó ń tún aago ṣe. Yàrá gígùn kan ni. Tábìlì agé-awọ wà lẹ́bàá fèrèsé nítorí ìmọ́lẹ̀, àwọn aránṣọ jókòó sí àárín nídìí máṣíìnì wọn, Màdáàmù tó ni ilé-iṣẹ́ sì wà nínú yàrá tirẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn onígíláàsì, níbi tó ti ń rí gbogbo ènìyàn tí kò sí ẹni tó mọ ẹni tó ń wò. Òórùn awọ àti gọ́ọ̀mù ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lórí àtẹ̀gùn.

Gbígbálẹ̀ ni Ọlọ́wọ́ bá débẹ̀. Àjákù awọ ló ń gbá nídìí tábìlì lọ́jọ́ tí àlùmọ́gàjí Màdáàmù já bọ́, tí òun bẹ̀rẹ̀ mú un, tó sì gbé e fún un. Màdáàmù ò gba àlùmọ́gàjí. Ọwọ́ ló ń wò.

"Dúró ná. Tẹ́ ọwọ́ yẹn sórí tábìlì."

Ọmọbìnrin náà tẹ́ ẹ kíá. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò mú nǹkan kan o!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Màdáàmù kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó pe agé-awọ, ó ní kó wá wo ọwọ́ tí kò gùn jù, tí kò kúrú jù, tí àwọn ìka rẹ̀ rọra tín-ín-rín lọ sókè, tí oríkèé kankan kò yọ. Ó ní ọwọ́ tí òun ti ń wá kiri láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gé àpẹẹrẹ ilé-iṣẹ́ náà sórí páálí líle, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n sì wò gé e. Nínú àpẹẹrẹ yẹn ni gbogbo ìwọ̀n tó kù ti ń jáde, ti ọlọ́wọ́ ńlá àti ti ọlọ́wọ́ kékeré.

Agé-awọ ló wọn ọwọ́ náà. Ó wọ̀n ọ́n láàárọ̀, ó ní kò dá òun lójú. Ó wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án, ó ní ooru ti lè mú un yí padà. Ó tún wọ̀n ọ́n nírọ̀lẹ́. Ìyá kan láàárín àwọn aránṣọ wá sọ fún un pé, "Ìwọ ọ̀gbẹ́ni yìí, ẹni tó bá ń wọn ọwọ́ obìnrin kan láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kì í ṣe ìbọ̀wọ́ ló fẹ́ rán mọ́." Òótọ́ ni ìyá náà sọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣègbéyàwó.

Nílé wọn, ọkọ ló ń fọ abọ́. Òun ló ń fọṣọ, òun ló ń ṣí ìdérí ìgò tó bá le, nítorí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ kò gbọdọ̀ há, kò gbọdọ̀ ya, ọṣẹ kò gbọdọ̀ bó o. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá kí wọn lọ́jọ́ kan, ó bá a nídìí àwo abọ́, ó lanu, kò lè pa á dé. "Àbúrò mi, ṣé ìyàwó lo fẹ́ ni àbí ọwọ́?"

"Ọwọ́ ni mo fẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ìyàwó ló sin ín wá."

Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, ó dàgbà, ó relé ọkọ ní ìlú tó jìnnà. Àwọn méjèèjì kù sílé, wọ́n jọ ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n jọ ń bọ̀.

Iṣẹ́ Ọlọ́wọ́ kò ṣòro lójú ẹni tó bá ń wò ó lókèèrè. Kò sí ìbọ̀wọ́ tuntun tó jẹ́ ìwọ̀n ọwọ́ rẹ̀ tó ń kúrò nílé-iṣẹ́ yẹn tí kò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Á wọ̀ ọ́, á kó ọwọ́ di ẹ̀ṣẹ́, á tú u, lẹ́yìn náà á fi ìka méjì mú píìnì kan lórí tábìlì. Bí ó bá mú píìnì, ìbọ̀wọ́ ti yege. Bí kò bá mú un, wọ́n á tú u rán. Àwọn aránṣọ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé adájọ́ ni, pé kí ó máa dé wíìgì wá síbi iṣẹ́. Ó máa ń dá wọn lóhùn pé ẹjọ́ tí òun bá dá, kò sí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà tó fi fẹ́ràn iṣẹ́ náà, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni àfi ọkọ rẹ̀. Làkúrègbé ló ba ọwọ́ ìyá rẹ̀ jẹ́. Oríkèé ìka ìyá náà wú, wọ́n le, wọ́n wá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, títí tí kò fi lè di ìró mọ́ra mọ́. Òun ọmọ ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń fún un ní oúnjẹ. Ìyá náà a sì máa wo ọwọ́ ara rẹ̀, a ní, "Ọwọ́ ìyá mi gẹ́lẹ́ nìyí." Dókítà tó tọ́jú ìyá náà pe ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kìlọ̀ fún un. Ó ní àìsàn yìí máa ń tọ ìran lẹ́yìn. Ó ní oògùn ti wà báyìí tó lè dá a dúró, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tètè wá nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún. "Lọ́jọ́ tí ìka rẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, má jókòó sílé o. Máa bọ̀."

Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé ìka òun ń wú, nígbà tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń rí i? Ọlọ́wọ́ rò pé òun ní ohun tí ẹlòmíràn kò ní. Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n gé sí òdiwọ̀n ọwọ́ òun, tí kò fi àyè irun orí kan sílẹ̀, ìyẹn ló máa sọ fún òun. Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ìbọ̀wọ́ bá wọlé pẹ̀lẹ́, á mí kanlẹ̀, á sọ sínú pé kò tíì kan òun. Ó sọ ìbọ̀wọ́ di dókítà.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí òtútù mú. Ó fa ìbọ̀wọ́ dúdú kan sọ́wọ́ ọ̀tún, ó wọlé dé oríkèé, ó dúró. Ó tún un fà. Kò lọ. Máṣíìnì ń dún, àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀, òun ń wo ìka àárín rẹ̀ bí ẹni tó rí ejò nínú ilé. Ọkọ rẹ̀ rí ojú rẹ̀ láti ìdí tábìlì fèrèsé. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó wá, ó rọra bọ́ ìbọ̀wọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fà á síhìn-ín fà á sọ́hùn-ún.

"Áà! Èmi ni o," ló wí, ó sì wí i sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Mi ò fa awọ yìí tó kí n tó gé e. Mo gé e há."

Fún agé-awọ tó mọṣẹ́ láti jẹ́wọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn aránṣọ, ó sàn kó bọ́ sòkòtò láàárín ọjà. Wọ́n fi í ṣe ẹlẹ́yà títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé òmíràn wá, ó wọlé bí epo. Èjìká Ọlọ́wọ́ wálẹ̀. Ó tilẹ̀ kọrin díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Òun ni kò mọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti dúró lẹ́yìn iṣẹ́, ó ti gbé páálí àpẹẹrẹ jáde, ó ti gé tuntun tí oríkèé rẹ̀ fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ó sì ti fi èyí tuntun sí ibi tí ti àtijọ́ wà.

Láti ìgbà náà, bí ọwọ́ bá ṣe ń wú ni páálí ń fẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni, kò sí ẹni tó fura. Ọlọ́wọ́ a jí láàárọ̀, ìka rẹ̀ a le bí igi, á kì wọ́n bọ inú omi gbígbóná kó tó lè di bọ́tìnnì. Ó sọ pé òtútù ni. Nígbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, ó ní bóyá òun ló sùn lé e. Ìrora náà kò jẹ́ kó sinmi, ṣùgbọ́n ìrora kì í ṣe ohun tí dókítà sọ. Wíwú ni dókítà sọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó jókòó ti ọkọ rẹ̀ lórí ibùsùn, ó na ọwọ́ sábẹ́ iná.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ wò ó. Ṣé kò wú báyìí?"

Ọkọ kò wo ọwọ́. Ojú ìyàwó rẹ̀ ló ń wò. "Ìbọ̀wọ́ wọlé láàárọ̀ yìí àbí kò wọlé?"

"Ó wọlé."

"Ẹ̀rí wo lo tún ń wá?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó pa iná. Kò sí ohun tó burú nínú ọkùnrin náà, ẹ má ṣe pè é ní ìkà. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò lè fara da kí ojú obìnrin náà rẹ̀wẹ̀sì, ó sì wá torí ojú fi ọwọ́ ṣòfò.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tiwọn kò tó ogún ọdún. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìbọ̀wọ́ padà, wọ́n ní àwọn oníbàárà ń sọ pé ó tóbi, ó ń ṣò lọ́wọ́ àwọn. Màdáàmù bínú sí àwọn aránṣọ, ó bínú sí ẹni tó ń ta awọ fún un. Lẹ́yìn náà ni gbajúmọ̀ kan tó ń rán aṣọ olówó ńlá ní kí wọ́n bá òun ṣe ìbọ̀wọ́ gígùn tó dé ìgbọ̀nwọ́, tí àwọn ọmọge yóò wọ̀ níbi ìfihàn aṣọ rẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń gbé orúkọ ilé-iṣẹ́ dé ibi tí ẹsẹ̀ kò dé. Wọ́n ṣe é. Ọlọ́wọ́ wọ̀ ọ́, ó kó ọwọ́ di ẹ̀ṣẹ́, ó mú píìnì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrora náà fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un ké. Ó ní ó yege.

Àwọn ọmọge wá dán an wò. Ẹni àkọ́kọ́ wọ̀ ọ́, awọ hun jọ sí oríkèé rẹ̀ bí awọ ọrùn arúgbó. Ó ju apá sílẹ̀ kó fi ṣoge, ìbọ̀wọ́ yọ, ó já bọ́ sílẹ̀. Gbajúmọ̀ aránṣọ náà wo ilẹ̀, ó wo Màdáàmù, ó kó báàgì rẹ̀, ó ní kí àwọn ọmọge máa bọ̀. Kò tilẹ̀ bínú. Ó kàn lọ ni.

Màdáàmù dúró sí àárín yàrá. "Ẹ pa máṣíìnì." Gbogbo wọn pa á. "Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ mi?"

Ọlọ́wọ́ ló dìde. Orúkọ rẹ̀ ló wà lẹ́nu ẹjọ́ yìí, òun ló ní ó yege. "Mà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kò sí ohun tó ṣe ìbọ̀wọ́ yìí. Ọwọ́ àwọn ọmọ yẹn ló gbẹ jù. Ẹ wò ó." Ó mú un nílẹ̀, ó wọ̀ ọ́ níwájú gbogbo wọn. Ó bá a mu rẹ́gí, kò hun jọ níbì kankan. Ó yí ọwọ́ síwá sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé ẹ rí i? Ọwọ́ tí ẹ fi gé e náà ló wà nínú rẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ pè é láti ìdí tábìlì. "Ìyá ọmọ mi, jókòó. Jọ̀ọ́, jókòó."

Màdáàmù wo ọkùnrin náà. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó ṣí gíláàsì ibi tó ń tọ́jú ìbọ̀wọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi àpẹẹrẹ náà gé, ó mú un wá. Ó bọ́ èyí tuntun lọ́wọ́ Ọlọ́wọ́, ó tẹ́ ti àtijọ́ lé e lórí tábìlì. Ìka èyí tuntun yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́tùn-ún lósì.

"Wọ èyí," ló sọ fún Ọlọ́wọ́.

Ọlọ́wọ́ mú un. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó dúró sí oríkèé. Ó ní bóyá awọ rẹ̀ ti gbẹ, pé ó ti pẹ́ nínú gíláàsì. Ó tún un fà, ó fi eyín di ẹnu rẹ̀ mú, ó fi gbogbo agbára fà á. Ojú rírán ìka àárín ya pẹ̀rẹ́. Ó wo ọwọ́ náà pẹ́, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i, oríkèé tó yọ bí kókó igi, ìka tó ti ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni.

Ó gbójú sókè, ó wo ọkọ rẹ̀. Ilẹ̀ ni ọkọ ń wò.

"Èmi ni mo gé àpẹẹrẹ náà fẹ̀, mà," ni agé-awọ wí. "Òun ò mọ̀. Ẹ má bá a wí."

Kò sí ẹni tó fẹ́ bá a wí. Òun náà kò sunkún níbẹ̀. Ó mú báàgì rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kò dúró de ọkọ rẹ̀.

Dókítà tí wọ́n lọ bá kì í ṣe ti ayé ìyá rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni. Ó ya àwòrán ọwọ́, ó gbé e sí iná wò. "Mà, kí ló dé tí ẹ jẹ́ kó pẹ́ tó báyìí? Ẹni tí ìyá rẹ̀ ní in!"

"Ìbọ̀wọ́ ló ń sọ fún mi pé kò tíì ṣe mí," ni Ọlọ́wọ́ wí.

Ọ̀rọ̀ náà kò yé dókítà. Ó yé ọkọ rẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó di fìlà mú lọ́wọ́. Dókítà ní òun máa fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kó tètè tàn dé ibòmíràn. Ó ní ṣùgbọ́n èyí tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá ti wá nígbà tí ìka kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wú, ìbá yàtọ̀.

Wọ́n délé. Ọkọ gbé omi gbígbóná wá fún ọwọ́ rẹ̀, obìnrin náà tì í sẹ́yìn.

"Ìwọ," ló wí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò pe ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. "Ìwọ mọ̀ kí èmi tó mọ̀."

"Ojú rẹ lọ́jọ́ yẹn," ni ọkọ wí. "Mi ò lè wò ó. Mo ní kí n fún ẹ ní ọ̀sẹ̀ kan péré, kí n wá ọ̀nà tí mo máa gbà sọ ọ́. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà pé, inú rẹ ń dùn. Nígbà tó yá, mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ mọ́."

"Ojú mi lo ń ṣàánú. Ọwọ́ mi ńkọ́?"

Ọkọ rẹ̀ gbé omi náà padà.

Màdáàmù kò lé agé-awọ, nítorí kò rí irú rẹ̀. Ó wá ọwọ́ mìíràn, ti ọmọbìnrin kan tó ń dá tẹlifóònù lóhùn nísàlẹ̀, ó sì ní kí agé-awọ wọ̀n ọ́n. Agé-awọ fẹ́ kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ní kó lọ, pé oògùn òun kì í bọ́ láti ọ̀run. Ó lọ, ó wọn ọwọ́ ọmọbìnrin náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì gé àpẹẹrẹ rẹ̀.

Láràárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́, á wọ aṣọ fún ìyàwó rẹ̀. Á di bọ́tìnnì, á fi yẹtí sí i létí, á ya irun rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n yà, á sì wọ́. Obìnrin náà á jókòó bí ère tí wọ́n ń wọṣọ fún ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà mìíràn ọkọ á ní, "Ó dà bí ẹni pé ó ń fúyẹ́ lónìí." Ìyàwó á yí ojú sí ògiri.

Ó pẹ́ tí wọ́n ti wà bẹ́ẹ̀ kó tó di àárọ̀ kan tí obìnrin náà fa ara rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí itan rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀.

"Wò ó dáadáa," ló wí. "Ṣé oògùn yìí ń ṣiṣẹ́?"

Ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀ kó lè rí i. Ọ̀rọ̀ dídùn ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti fẹ́ sọ ọ́. Ojú tí kò lè wò rí ni ó ń wò ó yẹn, ó dúró de èsì. Ó gbé ọwọ́ náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ oríkèé kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń tẹ awọ kó tó gé e.

"Rárá," ló wí. "Kò ṣiṣẹ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ìka àárín ti tẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, èyí tó tẹ̀ lé e náà sì ti bẹ̀rẹ̀."

Obìnrin náà mi orí sókè sódò.

"Ẹ ṣeun," ló wí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún gidi, kò sì yí ojú sí ògiri, ó jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ máa wò ó.